Ìtàn Iṣẹ́ Tí Ẹgbẹ́ Kò Fẹ́ Gbọ́

Ọdún mọ́kànlá ni Ràhímátù fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kí ó tó di olóòtú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n láti ìgbà náà yóò sọ fún yín pé iṣẹ́ olóòtú ti wà lára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbà á sí i. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, tó rí i pé "aṣo" ni wọ́n kọ sára pátákó dípò "aṣọ", ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ọkọ rẹ̀, Ìsìmáílà, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ńlá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, máa ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì lòun fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó òun, nítorí pé tóun bá fi Yorùbá ránṣẹ́, yóò dá a padà pẹ̀lú àmì lórí.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé sí Ṣàngótẹ̀dó tí wọ́n sì kó lọ síbẹ̀, ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó rí iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìwé kékeré kan ní Ajah, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn òyìnbó. Ènìyàn márùn-ún péré ló wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Clement ló dá a sílẹ̀, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ìwé gan-an, àmọ́ tó fẹ́ràn orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ju ìwé lọ díẹ̀. Ìwé Yorùbá fún àwọn ọmọdé ni Ràhímátù ń bójú tó. Báírò aláwọ̀ ewé ló fi ń ṣàtúnṣe; ó ní pupa máa ń já òǹkọ̀wé láyà.

Ọ̀gbẹ́ni Clement náà ló mú un wọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ Aṣèwé Etíkun lorúkọ rẹ̀, bí ogójì ènìyàn ló sì wà níbẹ̀ láti Lẹ́kí títí dé Ẹ̀pẹ́: olóòtú, ayàwòrán, àwọn tó ń to ojú ìwé, àwọn tó ní ilé-iṣẹ́ ìwé tàbí ilé ìtẹ̀wé. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni wọ́n ń pàdé, láago mẹ́wàá òwúrọ̀, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan tó wà nínú ẹ́sítéètì kan nítòsí Ajah. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Ìtàn Iṣẹ́. Lóṣooṣù, ọmọ ẹgbẹ́ kan á dìde, á sọ ìtàn iṣẹ́ kan tó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹni tó gbé e wá, bí wọ́n ṣe ṣe é, ibi tó ti le, ohun tí wọ́n rí kọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó o sínú ìwé, wọ́n á fi sórí WhatsApp ẹgbẹ́ kí ẹlòmíràn lè rí i lò.

Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan tí Ràhímátù ti kọ́ iṣẹ́ ìwé ṣíṣe. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí nìkan ló mọ̀. Èyí tí kò mọ̀, Ìtàn Iṣẹ́ ló ti ń kọ́ ọ. Ó ti kọ ọ́ kún ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta. Àwọn mìíràn a máa tẹ fóònù wọn bí ẹni tó dìde bá ń sọ̀rọ̀, òun a máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ kíláàsì.

Lóṣù Kẹta ọdún tó kọjá, ó kan Akínwálé. Akínwálé ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní Lẹ́kí, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, aṣọ sì máa ń bá a mu. Ó sọ bí òun ṣe ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ẹ̀dà ìwé kíkà Yorùbá jáde láàárín ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ọgbọ́n tó dá, ó ní, kò ju méjì lọ. Kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ọjọ́ ṣòfò lórí títo ojú ìwé. Ọ̀rọ̀ inú ìwé ló kó fún ilé ìtẹ̀wé, ó ní kí wọ́n fi irú lẹ́tà tó wà lórí ẹ̀rọ tiwọn tò ó. Kò sì dúró de ẹ̀dà àyẹ̀wò, ìyẹn ìwé ẹyọ kan tí ilé ìtẹ̀wé máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ kí olóòtú lè kà á lórí bébà kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló ti wo gbogbo rẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́jọ, ó ní, lòun fi jèrè níbẹ̀.

Ràhímátù na ọwọ́ sókè. Ó béèrè bóyá àmì orí lẹ́tà kò fún wọn ní wàhálà. Akínwálé rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní Ọlọ́run ṣàánú, kò sí wàhálà kankan. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Alága ẹgbẹ́, Bàbá Olúdélé, ọkùnrin arúgbó tó ti ṣe ọ̀gá nílé-iṣẹ́ ìwé ńlá kan kó tó fẹ̀yìn tì, sọ pé irú ìtàn tó yẹ kí àwọn èèyàn máa gbé wá nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ojú ewé méje tí Akínwálé kọ ti wà lórí WhatsApp. Ràhímátù tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó fi píìnì mú un pọ̀.

Nígbà tó di oṣù Keje, àwọn ọmọ bíbí etíkun kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè kó ara wọn jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ ìwé kíkà fún kíláàsì kejì nílé-ìwé méje láti Eleko lọ. Wọn ò fẹ́ ìwé tó ń sọ̀rọ̀ yìnyín àti ọkọ̀ ojú irin. Ìtàn ibi tí àwọn ọmọ náà ń gbé ni kó wà níbẹ̀: ọkọ̀ ojú omi, àwọ̀n, ẹja, igi àgbọn, ìyanrìn. Ilé-iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Clement ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, Ràhímátù sì gbà á bí ẹni gba ọmọ tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló lọ sí etíkun. Ó jókòó ti àwọn apẹja níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe, ó bi àwọn obìnrin tó ń yan ẹja léèrè orúkọ ẹja kọ̀ọ̀kan, ó kọ ìtàn méjìlá, ó kà wọ́n sókè sí ara rẹ̀ létí títí wọ́n fi dùn ún gbọ́.

Ìgbà tí iṣẹ́ fi délẹ̀ tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù kí ilé-ìwé wọlé. Ràhímátù rántí ojú ewé méje Akínwálé. Ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀, ó ní ọ̀nà nìyí. Ọ̀gbẹ́ni Clement kà á, ó bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ náà fún ilé ìtẹ̀wé kan náà tí Akínwálé lò, wọn ò sì dúró de ẹ̀dà àyẹ̀wò. Ìwé jáde, ó pé ọjọ́, èèpo rẹ̀ ń dán, àwòrán ọkọ̀ ojú omi aláwọ̀ búlúù wà níwájú. Ràhímátù mú ọ̀kan lọ sílé. Ìsìmáílà wò ó, ó ní ó wuyì. Ràhímátù fúnra rẹ̀ kò ṣí i kọjá ojú ewé kejì. Ó ti kà á tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ kà á mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ilé-ìwé wọlé, Àǹtí Afusat pè é. Olùkọ́ kíláàsì kejì ní Eleko ni Àǹtí Afusat, ọ̀kan nínú àwọn tó ràn án lọ́wọ́ nígbà tó ń kó ìtàn jọ. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí fóònù. Ó kàn ní kí Ràhímátù jọ̀ọ́ wá fojú ara rẹ̀ wo nǹkan kan.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ kórópe láti Ṣàngótẹ̀dó, ó tún wọ òmíràn, ó dé Eleko bí ago mẹ́wàá. Àǹtí Afusat fi àga fún un lẹ́yìn kíláàsì, ó wá ní kí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tolúwani dìde kó ka ìtàn kìíní. Ọmọ náà mọ̀wé. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó máa tẹ̀lé àmì, ó sì ń tẹ̀lé e. Ó gbé ìwé sókè, ó sì kà á ketekete bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́: "Bàbá mi ní ọkọ méjì. Ọkọ kan tóbi, ọkọ kejì kéré."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ràhímátù rò pé àṣìkà ni. Ó ṣí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe àṣìkà. Ọkọ̀ tí òun kọ ti di ọkọ. Ó ṣí ojú ewé kẹsàn-án, níbi tí ọ̀pọ̀lọ́ kan ti fò jáde látinú koríko. Ọpọlọ ló ń fò níbẹ̀. Ní ojú ewé kejìlá, níbi tí ìyá ti fi ọ̀bẹ gé ẹja sínú ọbẹ̀, ọbẹ ló fi gé e, inú ọbẹ ló sì gé e sí. Níbikíbi tí lẹ́tà bá ti ní àmì nísàlẹ̀, tó sì tún ní òmíràn lórí, tòkè ti pòórá. Àwọn tó ní àmì orí nìkan kò ní nǹkan kan tó ṣe wọ́n, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó bá kàn ṣí ìwé náà wò fìrí kò fi ní tètè rí i.

Nígbà tí àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré, Àǹtí Afusat jókòó tì í. Kò pariwo mọ́ ọn.

"Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gba ohun tó wà lójú ìwé gbọ́," ó ní. "Kí ni kí n wá sọ fún wọn báyìí?"

Ràhímátù ní òun máa padà wá. Ó jókòó sábẹ́ igi kan lẹ́yìn ilé-ìwé, ó mú báírò rẹ̀ jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì síbi tó yẹ láti ojú ewé kìíní. Ìgbà tó parí, ó kà wọ́n: ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá, nínú ìwé olójú-ewé méjìdínláàádọ́ta.

Ilé ìtẹ̀wé ló gbà lọ tààrà. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ níbẹ̀ kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní irú lẹ́tà tó wà lórí ẹ̀rọ àwọn kò lè gbé àmì méjì pọ̀. Tó bá rí méjì, á ju tòkè nù. Ràhímátù bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún àwọn. Ó wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu.

"Mo rò pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ ni, mà," ó ní. "Bí ti Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé ṣe rí náà nìyẹn."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Ràhímátù mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn rí. Ó ní kí ọkùnrin náà tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó tilẹ̀ fi kún un pé nígbà tí Akínwálé rí ti rẹ̀, ó padà wá tẹ bébà ẹyọ kan tí wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ sí, wọ́n sì há a sínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kejì ni wọ́n tẹ bébà náà, oṣù kan gbáko kí Akínwálé tó dìde nínú gbọ̀ngàn tó ní kò sí wàhálà kankan.

Kò pè é lórí fóònù. Ó lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Lẹ́kí. Akínwálé gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n bu omi tútù fún un. Nígbà tó gbọ́ ohun tó bá wá, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Kò purọ́ fún un. Ó ní òótọ́ ni, ìwé òun náà bàjẹ́, bébà tí òun há sínú rẹ̀ lòun fi tún un ṣe.

"Kí ló dé tí kò sí nínú ìtàn iṣẹ́ yín?" Ràhímátù béèrè.

"Àǹtí Ràhímátù, ta ló ń gbé àbùkù ara rẹ̀ lọ síwájú ẹgbẹ́? Àwọn tó lè gbé iṣẹ́ fún mi wà nínú gbọ̀ngàn yẹn."

"Èmi náà wà nínú gbọ̀ngàn yẹn. Mo na ọwọ́ sókè. Mo bi yín léèrè."

Akínwálé ní kó má bínú. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ èyí tó dun Ràhímátù jù: "Ṣùgbọ́n olóòtú ni yín, Àǹtí. Ó yẹ kí ẹ ti wò ó fúnra yín."

Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tó fi dùn ún. Ó ń bínú sí Akínwálé, bẹ́ẹ̀ kò lè bínú sí i tán, nítorí pé tó bá bẹ̀rẹ̀, á kan ara rẹ̀ lọ́nà. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bó bá kí ìrun tán, á jókòó sórí ẹní, á máa ro bó ṣe sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé ó dá òun lójú. Ìsìmáílà ní kó jẹ́ kó lọ, pé ìwé lásán ni. Ọjọ́ méjì ni Ràhímátù kò fi bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn tó wà nílẹ̀ òkèèrè kò tíì gbọ́ nǹkan kan, Ọ̀gbẹ́ni Clement, tí Ràhímátù ti sọ fún, kò sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ó ní kí Ràhímátù wá ọgbọ́n dá sí i ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Ọgbọ́n tó dá ni pé lọ́jọ́ Thursday kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ sí ilé-ìwé kan, òun àti olùkọ́ ibẹ̀ á kọ àmì tó yẹ sójú pátákó, àwọn ọmọ á sì fi pẹ́ńsù fi í sínú ìwé wọn. Ìdá kan nínú mẹ́ta ọdún ló gbà kí ilé-ìwé méje tó tán. Ìka rẹ̀ ń ro ó. Nígbà tí ti Eleko parí, Àǹtí Afusat sọ fún un pé àwọn ọmọ òun ti wá mọ àmì ohùn ju ti ìgbàkígbà rí lọ.

"Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn tu ara yín nínú o," ó ní. "Iṣẹ́ tó yẹ kí ìwé ti ṣe fún wa ni."

Àárín ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn ló kọ ìtàn iṣẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi kọ ọ́, ojú ewé mọ́kànlá. Gbólóhùn tó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni: "Èmi ni mo pinnu pé ká má dúró de ẹ̀dà àyẹ̀wò." Ó ya àwòrán ojú ewé tó bàjẹ́ sí i, ó to gbogbo ohun tó yẹ kí olóòtú béèrè lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé kó tó kó ìwé Yorùbá fún wọn. Kò dárúkọ Akínwálé, kò dárúkọ ilé ìtẹ̀wé. Ó fi ránṣẹ́ sí Bàbá Olúdélé, ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ ní ìpàdé oṣù Kẹwàá.

Bàbá Olúdélé dá a padà, ó ní ó gùn jù. Ràhímátù gé e sí ojú ewé méje. Ó tún dá a padà, ó ní kó yọ àwọn àwòrán, wọn ò dùn ún wò. Ó yọ wọ́n, ó kù ẹyọ kan. Ìgbà kẹta, alàgbà náà pè é, ó ní òun ka ọ̀rọ̀ náà "àṣìṣe" nínú rẹ̀ nígbà mọ́kàndínlógún, pé ṣé kò lè lo "ìrírí" dípò rẹ̀. Ó ní ibi ìwúrí ni ẹgbẹ́, pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ wá gbọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń yọrí sí rere kò gbọdọ̀ mú ẹ̀rù lọlé. Ràhímátù, tí gbogbo ayé rẹ̀ kò ju títún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣe lọ, gbọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù. Ó ní òun gbọ́, sà. Kò yí ọ̀rọ̀ kan padà.

Lóṣù Kẹwàá, àlejò kan gba àyè rẹ̀. Oṣù Kọkànlá, wọ́n ní àkókò ti lọ. Oṣù Kejìlá, kò sí ìpàdé. Ní oṣù Kìíní, ìdìbò ni wọ́n fi ìpàdé ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Clement náà wá gbọ́ pé ó fẹ́ sọ ọ́, ó pè é sí ọ́fíìsì. Ó ní àwọn ènìyàn á ní ilé-iṣẹ́ àwọn kò mọṣẹ́. Ràhímátù ní òun kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Clement ní ta ni kò mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fà á síwá sẹ́yìn títí ó fi ní, ó dáa, kó sọ ọ́ lórúkọ ara rẹ̀, kó sọ pé ìpinnu tòun nìkan ni. Ìpinnu rẹ̀ náà sì ni. Síbẹ̀, nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń ro bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe gbé ẹ̀bi náà sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni bọ́ bàtà.

Oṣù Kejì ọdún yìí ni wọ́n tó fún un láyè, ìṣẹ́jú méjìlá, lẹ́yìn ìròyìn akápò. Ènìyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló wá. Akínwálé wà nílà kẹta. Ràhímátù ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsáré. Nígbà tó dé orí bàbá tó ní ọkọ méjì, àwọn kan rẹ́rìn-ín, òun kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ bí olùkọ́ ṣe bi í léèrè ohun tí òun máa sọ fún àwọn ọmọ. Ó parí, ó dúró.

Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ ni Fàtíù, tó ní ibi tí wọ́n ti ń di ìwé ní Ṣàngótẹ̀dó. Ó béèrè bóyá àwọn olóòtú kì í yẹ ìwé wò mọ́ ni.

"Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò," Ràhímátù dáhùn. "Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú gbólóhùn àkọ́kọ́."

Fàtíù ní ta ló wá kọ́ ọ nírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Nínú gbọ̀ngàn yìí ni mo ti kọ́ ọ."

Àwọn tó rántí oṣù Kẹta wojú ara wọn; àwọn tí kò rántí ń wojú àwọn tó rántí. Akínwálé tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀. Bàbá Olúdélé dìde, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Àǹtí wọn fún ọ̀rọ̀ ìyànjú, àkókò ti lọ, ìpápánu wà níta. Nígbà tí Ràhímátù ń kó bébà rẹ̀ sínú báàgì, Akínwálé gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó dúpẹ́ pé kò dárúkọ òun. Ká ní ó bú u ni, ìbá sàn fún un.

Àkọsílẹ̀ ìpàdé jáde lọ́jọ́ Monday. Ìlà kan péré ló kan òun: "Àǹtí Ràhímátù gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ níyànjú lórí pàtàkì àmì ohùn." Ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ kò sí lórí WhatsApp. Ó dúró di ọjọ́ Friday, ó fi í síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pé wákàtí kan tí wọ́n fi pa á rẹ́. Nígbà tó béèrè, akọ̀wé ní ọwọ́ òun ló ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ó tún fi í síbẹ̀. Ọwọ́ akọ̀wé tún ṣèèṣì. Ojú ewé méje Akínwálé ṣì wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹni tuntun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ó ran òun lọ́wọ́ púpọ̀. Ràhímátù pe ẹni náà lórí fóònù, ó kìlọ̀ fún un. Ẹni náà fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn, ó ní òun máa rò ó.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kò retí. Lóṣù Kẹta, bí ìpàdé ṣe tú, Fàtíù tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ̀lé e dé ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Ó wo ọ̀tún wo òsì. Ó sọ fún un pé òun ti di ìwé ìṣirò kan rí tí ojú ewé mẹ́rìndínlógún dorí kodò nínú rẹ̀, òun sì kó o fún oníbàárà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ títí dòní. Ó sọ ohun tó fà á, ó sọ ohun tí òun ń ṣe kó má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó ní kí Àǹtí jọ̀ọ́, kó má jẹ́ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ọlákẹ́mi, ọmọ ẹgbẹ́ kan, pè é láti Lẹ́kí, ó sọ nípa àwòrán ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n lò nínú ìwé òun láìgbàṣẹ. Òun náà ní kó bo òun láṣìírí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, lórí fóònù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Bàbá Olúdélé fúnra rẹ̀ dá a dúró lọ́jọ́ kan, ó sọ fún un pé lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn, òun tẹ orúkọ òǹkọ̀wé kan sódì sí èèpo ìwé rẹ̀, ọkùnrin náà sì kú kí wọ́n tó tún un tẹ̀.

Ràhímátù bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ láìdárúkọ.

"Ẹ dúró kí n kú ná," alàgbà náà ní, kò sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, ìtàn iṣẹ́ òtítọ́ mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, gbogbo ohun tó ń wá láti ọjọ́ tó ti wọ ẹgbẹ́. Kò sì gbọdọ̀ sọ ìkankan nínú wọn. Bí ẹnìkan bá dìde nínú gbọ̀ngàn tó ń sọ bí iṣẹ́ òun ṣe yọrí sí rere, Ràhímátù á na ọwọ́ sókè, á béèrè ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Wọ́n á ní Ọlọ́run kò jẹ́ kí ohunkóhun bàjẹ́. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Àwọn tó ti sọ tiwọn fún un níkọ̀kọ̀ náà á pàtẹ́wọ́.

Ó bẹ àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́jọ kọ̀. Ẹni tó gbà ni Suliat, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tó ń fi yàrá kan nílé ìyá rẹ̀ ní Ajah ṣe ìwé fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ìwé lẹ́tà ábídí ló ṣe, kò sì sí GB nínú rẹ̀. Láti G ló ti fò sí H. Ìyá ọmọ kan ló pè é láti béèrè ibi tí GB gbà lọ. Suliat ní òun sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, pé ká ní òun ti ka irú ohun tí Àǹtí òun kọ ni, òun ì bá ti jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á kóun tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí wọ́n dárúkọ òun, kò sí nǹkan tí òun ń bò.

Ràhímátù kọ̀wé sí Bàbá Olúdélé láti gba àyè fún Suliat. Ó dáhùn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá pé kò sí àyè títí ọdún á fi yí. Suliat ní kí àwọn má dúró dè é. Wọ́n kó ìtàn méjèèjì pọ̀, wọ́n kà á sókè síra wọn nínú yàrá Suliat ní Sátidé méjì, wọ́n tẹ ẹ̀dà àyẹ̀wò, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ogún ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀. Wọ́n kó o lọ sí ìpàdé, wọ́n gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpápánu. Ènìyàn méje ló mú un, mẹ́rin nínú wọn sì ká a sí méjì kíákíá, wọ́n tì í bọ báàgì. Mẹ́tàlá ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì Ràhímátù ní Ajah.